Àjàní, ọrùn rẹ ni mo ń wò

Àkúrẹ́

Àjàní ọkọ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà l'Óǹdó? Àwa náà wà níbí, a dúpẹ́. Àbúrò rẹ fi fídíò eré 400 mítà tó o sá hàn mí. Nígbà tó ku bí 100 mítà, ejìká rẹ gòkè dé etí, o payín, o ju orí sẹ́yìn bí ẹni tó ń wo ọkọ̀ òfúrufú. Ibẹ̀ ni ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ gbà kọjá. Ejìká kan náà ni mo rí lọ́jọ́ tó o fun fèrè ní Ìkórè.

Irú ẹ̀ ṣe èmi náà. O rántí Ọjọ́ Àjíǹde tí ohùn mi há, tí mo ń dún bí ọ̀pọ̀lọ́? Ọ̀gá akọrin wa ní kí n lọ kọrin níwájú dígí tí àwọn oníbàárà fi ń wo aṣọ ní ṣọ́ọ̀bù mi. Mo rò pé ó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ni. Àṣé kí n tó lanu rárá, mo ti fa orí sẹ́yìn, iṣan ọrùn ti yọ bí okùn. Òun ló sọ fún mi nípa F. M. Alexander, ọmọ Ọsirélíà tí wọ́n bí ní 1869. Iṣẹ́ orí ìtàgé ló ń ṣe, ohùn rẹ̀ ń há. Dókítà ní kó sinmi. Ó sinmi, ohùn padà. Ó tún bọ́ sórí ìtàgé, ohùn tún lọ. Dígí lòun náà fi ká ara rẹ̀ mọ́ ibi tó ti ń fa orí sẹ́yìn, ló bá kọ́ bí èèyàn ṣe ń jẹ́ kí ọrùn dẹ̀. Títí dòní, wọ́n ń kọ́ àwọn olórin ní ọgbọ́n yìí, tí wọ́n ń pè ní Alexander Technique, ní Royal College of Music, ilé ẹ̀kọ́ orin ní London.

Má torí ẹ̀ nàró bíi ṣọ́jà o. Mo kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ̀yìn ló wá ń dùn mí. Tó o bá gbé fèrè, dá dúró díẹ̀ kó o tó fun ún. Ṣé ọrùn ti ń le? Jẹ́ kó dẹ̀. Má na ẹnu lọ bá fèrè, fèrè ni kó wá bá ẹnu.

Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ kan máa ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù lọ sí Ọjà Ọba láràárọ̀. Agbọ̀n kún, ọwọ́ rẹ̀ ò kàn án, ó tún ń ka owó. Bí ọrùn ẹ̀ bá gan pẹ́nrẹ́n, ọ̀gẹ̀dẹ̀ á dà sí títì. Orí tìrẹ náà, ẹrù ni, ó tó nǹkan bíi kílò 5. Bí ìyá yẹn ṣe ń gbé tiẹ̀ ni kó o máa gbé e sáré. Kọ́kọ́ fi eré pẹ̀lẹ́ kọ́ ọ, kó o máa sọ ejìká kalẹ̀ nígbàkigbà tó bá yọ́ gòkè. Àmọ́ tó bá jẹ́ orúnkún ló ń dùn ọ́, dókítà ni kó o lọ bá, kì í ṣe dígí.

Mo ti fi dígí kékeré kan sínú àpò gàrí tí àbúrò rẹ ń gbé bọ̀ ní Sátidé. Má jẹ́ kí àwọn ọmọ họ́sítẹ̀ẹ̀lì sọ ọ́ di ti bábà.

Ìyá rẹ