Ẹ Dá Aago Mẹ́jọ Alẹ́ Padà fún Wa Lórí Rédíò

Sí Olóòtú,

Ní alẹ́ Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, èmi àti àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó dolóògbé jókòó ti rédíò láti aago mẹ́jọ, kí a lè gbọ́ ìkéde ìsìnkú rẹ̀ tí a ti sanwó fún, tí rìsíìtì rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ mi bí mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí. Orin ìgbàgbọ́ ni wọ́n gbé sáfẹ́fẹ́. Ọ̀kan parí, òmíràn bẹ̀rẹ̀, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ń dárúkọ pásítọ̀ tó ni orin, ó ń ka nọ́ńbà fóònù rẹ̀ lákàtúnkà, títí aago mẹ́sàn-án fi lù láìka orúkọ òkú kankan. Àárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n tó kà á, nígbà tí àwọn ẹbí wa ní Erúnmu ti lọ sóko. Ìgbà tí a ti sin òkú tán ni wọ́n tó dé.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe pè mí ní ọ̀tá orin ìgbàgbọ́. Ọdún 31 ni mo ti fi ń darí ẹgbẹ́ akọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì Áńgílíkà kan nílùú Ìbàdàn yìí. Owó ni mo ń bá wí. Wọ́n ń ta wákàtí, wọ́n ń pè é ní ìyìn Olúwa.

Láti ìgbà tí asọ̀rọ̀mágbèsì ti dé Ìbàdàn ní 1939 ni àwọn bàbá wa ti ń gbọ́ ọ, orin ìgbàgbọ́ sì ní àyè tirẹ̀ lórí rédíò tí àwa náà bá láyé. Bí ilé-iṣẹ́ tí mo ń sọ yìí ṣe bẹ̀rẹ̀ náà nìyẹn: wákàtí kan láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó yá wọ́n fi ìdájí kún un, wọ́n ní epo jẹnẹrétọ̀ ti wọ́n. Wọ́n gba ọ̀sán lọ́wọ́ àpàlà àti sákárà, wọ́n ní kí akéwì tó ń wá lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ sinmi, ó wá ku aago mẹ́jọ tí gbogbo ilé fi ń gbọ́ ìkéde. Òfin 38 ti ọdún 1992, tó dá NBC, àjọ tó ń ṣàkóso rédíò àti tẹlifíṣọ̀n, sílẹ̀ tó sì ṣí ilẹ̀kùn fún rédíò aládàáni, kò fàyè gba pé kí wọ́n fún ẹgbẹ́ ẹ̀sìn tàbí ẹgbẹ́ òṣèlú ní ìwé àṣẹ. Ẹni tí òfin kò jẹ́ kó ra ilé ló ń háyà yàrá kọ̀ọ̀kan títí ilé fi di tirẹ̀, àwọn tó wà nípò sì ń wò ó níran. (Bóyá ìyàwó tiwọn náà ti gbé àwo jáde.)

Orin ọ̀hún gan-an ńkọ́? Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti ti kọrin ìgbàgbọ́ Yorùbá sínú àwo ní Lọ́ńdọ̀nù ní àwọn ọdún 1920. T.K.E. Phillips, tó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì, làágùn kí ohùn orin má baà yí ọ̀rọ̀ Yorùbá po lẹ́nu akọrin. Ìbàdàn níbí ni ẹgbẹ́ akọrin Good Women ti C.A.C. ti gbéra. N kò gbọ́ ẹyọ kan nínú wọn lórí rédíò yẹn láti ọdún tó kọjá, nítorí kò sẹ́ni tó ń sanwó fún orin wọn. Owó ni, kì í ṣe ìgbàgbọ́.

Bí wọ́n bá fẹ́ orin ìgbàgbọ́ ní tòótọ́, kí wọ́n gbé ẹ̀rọ ìgbohùnsílẹ̀ kan àti òṣìṣẹ́ méjì lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì kan lọ́sẹ̀, ì báà ṣe Áńgílíkà, Mẹ́tọ́díìsì, Onítẹ̀bọmi, Kérúbù tàbí C.A.C., kí wọ́n gba orin mẹ́rin sílẹ̀ lọ́jọ́ tí akọrin bá ń dánra wò. Tiwa ń pé jọ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Èmi fúnra mi yóò pa fáànù kí ariwo rẹ̀ má baà wọnú ẹ̀rọ, n ó sì ti sọ fún àwọn alto wa kí wọ́n tètè dé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í gbọ́. Kí ọdún tó yí po, orin tó lé ní igba yóò ti wà nílẹ̀, kò sì ní ná wọn ju owó epo ọkọ̀ lọ. Ìyẹn ni kí wọ́n máa lò ní ìdájí àti lọ́jọ́ Àìkú. Orin tí ẹnikẹ́ni bá sanwó lé, kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó fi í sí i. Kí NBC náà dìde lórí àga.

Wọ́n ní kí n wá gba owó mi padà. Àdúrà ogójì ọjọ́ ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ lóṣù tó ń bọ̀, n kò sì tíì mọ rédíò tí n ó gbé ìkéde rẹ̀ lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùdarí akọrin kan,
Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.