Àdùkẹ́, gbé jẹnẹrétọ̀ yẹn kúrò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀

Òṣogbo,
Ọjọ́ 28, oṣù Ọ̀wàrà, 2024.

Àdùkẹ́ ọmọ mi,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ìyanu ńkọ́? Láti ọjọ́ Ẹtì ni mo ti ń pe fóònù rẹ tí kò lọ. Mo pe ti ọkọ rẹ, òun náà kò lọ. Mo ní bóyá iná ni kò jẹ́ kí ẹ rí fóònù sáàjì, torí mo gbọ́ pé tiransifọ́mà àdúgbò yín ní Ìkòròdú ti jó. Mo fi ìyẹn tu ara mi nínú. Àfi bí ọmọ Ìyá Ṣadé ṣe dé lọ́jọ́ Àbámẹ́ta fún ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀. Ó ní òun yà kí yín, pé ẹ ṣe òun lálejò dáadáa. Ó wá ń yìn ọ́ lójú mi pé orí rẹ pé, pé inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ lẹ́bàá ilẹ̀kùn kíṣìnì ni ẹ ń tan jẹnẹrétọ̀ yín sí lálẹ́, ẹ fi ṣéènì so ó mọ́ irin fèrèsé kí olè má baà gbé e, ẹ sì ti ilẹ̀kùn ìta pa.

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Iyán tó wà níwájú mi, mi ò lè jẹ ẹ́ mọ́.

Àdùkẹ́, gbé e jáde. Má tíì ka lẹ́tà yìí tán. Dìde, kí o gbé e jáde.

Bàbá yín wà dáadáa. Orúnkún ṣì ń dùn wọ́n, wọn ò sì gbà kí dókítà wò ó. Ewúrẹ́ dúdú bí méjì, ọ̀kan kú. Kọ́lá ní òun yóò wálé fún ọdún Kérésì, mo ní kó má fi owó ọkọ̀ ṣòfò bí kò bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ iná tó wà nílẹ̀ yìí ló ń kó mi láyà sókè. O rí i bí iná Nàìjíríà ṣe ṣubú lóṣù yìí, ọjọ́ 14, ọjọ́ 15, ó tún di ọjọ́ 19. Òṣogbo níbí ni wọ́n ti ń ṣọ́ iná gbogbo orílẹ̀-èdè, ẹ̀yin náà sì súnmọ́ Ẹgbin tí wọ́n ti ń ṣe é, síbẹ̀ òkùnkùn kan náà la jọ wà. Bàbá yín ṣàlàyé rẹ̀ fún mi lórí ẹní. Wọ́n ní iná tí wọ́n ń ṣe àti iná tí à ń lò gbọ́dọ̀ dọ́gba nígbà gbogbo. Ó dà bí ìgbà tí ọkùnrin mẹ́wàá bá jọ ru ìtì igi kan. Bí ẹni méjì bá jáwọ́ lójijì, ẹrù á wọ àwọn tó kù lọ́rùn, àwọn náà á bẹ̀rẹ̀ sí í jáwọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan, gbogbo rẹ̀ á wó. Bó bá sì ti wó, wọn kì í lè gbé e dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n á kọ́kọ́ wá ibi tó lè tan ara rẹ̀ láìgba iná lọ́dọ̀ ẹlòmíràn, irú àwọn tó ń fi omi odò ṣiṣẹ́, kí wọ́n tó máa so ìlú mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí iná fi máa ń dé, tí á tún lọ, tí á tún padà dé pẹ̀lú agbára tó ń jó nǹkan. Nítorí náà, bí iná bá ti lọ, yọ fíríìjì àti tẹlifíṣọ̀n. Gílóòbù kan ṣoṣo ni kí o fi sílẹ̀ kó máa sọ fún ọ bí iná bá dé. Ìgbà tó bá dúró dáadáa ni kí o tó so ìyókù.

Ṣùgbọ́n tiwa ṣì ń padà dé lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ kẹta. Lókè Ọya, láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni Kánò, Kàdúná àti ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ti wà nínú òkùnkùn. Wọ́n ní àwọn kan ló ba wáyà ńlá tó ti Ṣìróró lọ sí Kàdúná jẹ́. Ohun tí mo ń rò nìyẹn lóru. Ẹni tó bá ń tan jẹnẹrétọ̀ fún wákàtí méjì kó tó sùn, bí iná bá lọ ọ̀sẹ̀ kan, ọ̀sẹ̀ méjì, ooru á mú un, ọmọ á máa ké, á ní kí òun jẹ́ kó ṣiṣẹ́ mọ́jú lónìí nìkan. Lónìí nìkan yẹn ló ń pa odindi ìdílé, tí wọ́n á wá já ilẹ̀kùn lé wọn lórí lọ́jọ́ kejì. Ìwọ náà ti gbọ́ ọ lórí rédíò, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan.

Mo mọ̀ pé ọkọ rẹ á ní ẹ máa ń ṣí fèrèsé. Fèrèsé ṣíṣí kò tó. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kò dára, kíṣìnì kò dára, bàkónì náà kò dára. Èéfín tí ẹ ń rí, tí ẹ ń gbóòórùn, kọ́ ni mo ń bẹ̀rù. Èyí tó ń pani nínú rẹ̀ kò ní àwọ̀, kò ní òórùn, ẹni tó ń sùn kò sì ní í mọ ìgbà tó wọlé. Ìta gbangba ni àyè rẹ̀, kó jìnnà sí ilé tó ẹsẹ̀ bàtà 20, kí ẹnu ibi tó ti ń tú èéfín kọ ẹ̀yìn sí fèrèsé yín àti ti aládùúgbò. Olè tí ẹ ń bẹ̀rù, ẹ pe alurinmọ́rin kó ṣe àgò irin fún un, kí ẹ rì í mọ́ ilẹ̀ pẹ̀lú sìmẹ́ǹtì. Bí olè bá sì gbé e náà, kó máa gbé e lọ. Ṣé o gbọ́ mi? Kó máa gbé e lọ.

Owó tí o ní o máa fi ránṣẹ́ sí mi látoṣù tó kọjá, mi ò bínú mọ́. Mo bínú tẹ́lẹ̀, mo tiẹ̀ bá bàbá yín sọ ọ́ pé Àdùkẹ́ ti ń gbàgbé ilé. Má fi ránṣẹ́ mọ́. Fi ra wáyà gígùn, èyí tó nípọn dáadáa, kì í ṣe ẹlẹ́gẹ́ tí wọ́n ń tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì. Ọmọ Ìyá Ṣadé ní wáyà yín kò gùn, pé ìdí tí ẹ fi gbé e sún mọ́ ilé nìyẹn. Ṣé wáyà ló yẹ kó gba ẹ̀mí ọmọ mi lọ́wọ́ mi? Kí ẹ sì ní kí ẹni tó mọ iṣẹ́ iná so ṣéńjóófà fún yín, súìṣì tó ń yọ ilé kúrò lára wáyà ìta bí ẹ bá ń tan jẹnẹrétọ̀. Ọ̀rẹ́ bàbá yín kan, orí òpó ló kú sí. Wọ́n ti pa iná kó tó gùn ún, ṣùgbọ́n ẹnì kan ń tan jẹnẹrétọ̀ nílé rẹ̀ láìyọ ilé náà kúrò lára wáyà ìta, iná gba ẹ̀yìn lọ bá a lókè. Bàbá yín kò jẹun fún ọjọ́ bíi mélòó kan nígbà yẹn.

Ẹ lè gbé ayé láìtan nǹkan yẹn mọ́jú. Kí ni ẹ fẹ́ fi ṣe gan-an? Bí ó bá jẹ́ oúnjẹ, ọbẹ̀ tí a bá ń gbé kaná láàárọ̀ àti lálẹ́ kì í tètè bàjẹ́, ata tí a bá sì lọ̀ níwọ̀n tí a fẹ́ sè kò nílò fíríìjì. Fíríìjì tí o kò bá ṣí lè mú oúnjẹ tutù fún bíi wákàtí 4. Fírísà tó bá kún, tí ẹnikẹ́ni kò ṣí wò, lè tó wákàtí 48. Èyí tó wà ní ìlàjì, wákàtí 24. Bí àyè bá ṣófo nínú tìrẹ, fi ike omi dí i. Bí o bá rí i pé yìnyín ti ń yọ́, má dúró wo iná. Yan ẹja, din ẹran. Ìyanu ní tirẹ̀, ọmú tó wà láyà rẹ kò gba fíríìjì. Bí ó bá di dandan kó mu mílíìkì ọmọdé, èyí tó máa mu lẹ́ẹ̀kan náà ni kí o pò, kí o da èyí tó bá kù nù. Má wo owó rẹ̀.

Ẹ pọn omi pamọ́ ní ọjọ́ tí iná bá wà, torí bí pọ́ńpù kò bá ṣiṣẹ́, omi á tán kí ẹ tó mọ̀. Kí ẹ fi ìdérí dé e o, Ìyanu ti ń rá. Ẹ fi owó díẹ̀ sílẹ̀ nínú ilé. Ṣé o rántí bí owó ṣe wọ́n ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, tí àwọn ọlọ́jà ò gba nǹkan kan yàtọ̀ sí owó lọ́wọ́? Bí iná bá lọ tó sì pẹ́, nẹ́tíwọ́ọ̀kì á lọ pẹ̀lú rẹ̀, POS á dákẹ́. Lítà bẹntiróòlù kan ti ń lé ní ẹgbẹ̀rún náírà báyìí, ẹ bá àwọn ayálégbé yòókù sọ̀rọ̀, kí ẹ jọ máa tan ẹyọ kan ṣoṣo ní ẹ̀yìn àgbàlá fún wákàtí tí gbogbo yín á fi sáàjì fóònù, kí ẹ pa á kí ẹ tó sùn. Kẹ́ẹ̀gì bẹntiróòlù kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá. Ẹ má sì rọ epo sí jẹnẹrétọ̀ tó ṣì gbóná. Èédú náà, ìta ni kí o ti fi dáná. Èéfín kan náà ló ń ti inú èédú jáde.

Bàbá yín kò sí nílé báyìí, wọ́n lọ sí ìpàdé àwọn afẹ̀yìntì. Ìdí nìyẹn tí mo fi lè kọ èyí tó kàn yìí.

Ìgbà tí à ń gbé ní Òkè-Fíà, o kò tíì bẹ̀rẹ̀ ilé ìwé. Olówó kan gbé iṣẹ́ ẹja fún mi, ó fẹ́ fi ṣe òkú ìyá rẹ̀. Owó àjọ ni mo fi ra páálí títùs wọ̀nyẹn. Iná lọ. Bàbá yín wà níṣẹ́ òru. Mo ní bí ẹja yìí bá fi bàjẹ́ mọ́jú, mo gbé. Olè sì ń jà ládùúgbò. Mo wọ́ jẹnẹrétọ̀ wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo fi aṣọ dí abẹ́ ilẹ̀kùn yàrá nítorí ariwo, mo sùn ti ìwọ àti Kọ́lá.

Alhaja ojúlé kejì ló jí láti kírun àsùbáà. Ó ní òun ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀, òun ò gbọ́ ohùn ọmọ kankan. Ó lu ilẹ̀kùn títí. Ó ké sí àwọn ọkùnrin, wọ́n já a. Ojú ilẹ̀ àgbàlá ni mo ti la ojú. Kọ́lá ń bì. Ìwọ ò bì, o ò ké, ọrùn rẹ kàn rọ̀ sílẹ̀ léjìká Alhaja, apá rẹ kan ń mì bí ó ṣe ń gbé ọ kiri. Ó pẹ́ kí o tó ké. Nígbà tí o ké, tí mo sì lè dìde, fírísà ni mo kọ́kọ́ lọ ṣí wò.

Ẹja náà kò bàjẹ́. Mo tà á. Mo fi èrè rẹ̀ ra bàtà ọdún fún yín. Mo sọ fún bàbá yín pé ẹ̀wà ló da inú yín rú.

Gbogbo ìgbà tí o bá gba ipò kejì, ipò kẹta ní kíláàsì, tí bàbá yín bá bínú, ara mi máa ń gbọ̀n. Mo máa ń rò ó pé ṣé òru ọjọ́ yẹn ni. Mi ò lè bi ẹnikẹ́ni. Nígbà tí o gboyè jáde, tí gbogbo ènìyàn ń jó, inú ilé ìwẹ̀ ni mo wà tí mo ń sunkún, o sì rò pé ayọ̀ ni. Mi ò ní ẹnu láti bá ọ wí, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n n ó bá ọ wí. Ta ló kọ́ ọ pé kí o gbé jẹnẹrétọ̀ wọlé? Ṣé o rí mi lọ́jọ́ náà ni? Ṣé ohun tí mo ṣe ló wà lójú rẹ láìmọ̀?

Alhaja fún wa ní epo pupa mu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo wa sì gbà pé epo ló wò wá sàn. Atẹ́gùn ni. Nọ́ọ̀sì kan ló là mí lóye lẹ́yìn ìgbà náà pé èéfín yìí máa ń gba ipò atẹ́gùn nínú ẹ̀jẹ̀, epo tàbí mílíìkì kò sì lè lé e jáde. Ẹni tí kò mọ ara rẹ̀ mọ́, bí a bá rọ epo sí i lẹ́nu, ó lè gba ọ̀nà òdì lọ sínú ẹ̀dọ̀fóró. Bí orí bá ń fọ́ ẹ̀yin méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, tí òòyì ń kọ́ yín, tí Ìyanu ń bì tàbí tó ń sùn jù, má pè é ní ibà. Ẹ gbé e, ẹ jáde síta, ẹ má dúró kó nǹkan kan, kí ẹ kọrí sí ilé ìwòsàn tó ní atẹ́gùn inú àgbá. Ẹ sọ fún wọn pé èéfín jẹnẹrétọ̀ ni, kí wọ́n má baà fi oògùn ibà dá yín dúró.

Má tíì bá bàbá yín sọ ọ́. Èmi fúnra mi ni yóò sọ fún wọn kí ọ̀sẹ̀ yìí tó parí.

Dírẹ́bà tó mú lẹ́tà yìí wá mú ẹja yíyan, gàrí àti tọ́ọ̀ṣì sólà méjì dání. Ojú oòrùn ni kí o máa sá tọ́ọ̀ṣì náà sí, ọ̀kan fún kíṣìnì, ọ̀kan fún yàrá Ìyanu. Mo ti bẹ dírẹ́bà náà kó dúró gba èsì. Kò ní láti gùn. Kọ ibi tí jẹnẹrétọ̀ wà báyìí, kí o wọn ẹsẹ̀ bàtà tó fi jìnnà sí fèrèsé yàrá ọmọ, kí o kọ ọ́ sí i. Bí ó bá padà wá lọ́wọ́ òfo, mo ń bọ̀ ní Ìkòròdú.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.