Ẹ̀yin Ọmọ Tó Ń Kọ́ Látìn, Ẹ Wo Ìrù Ọ̀rọ̀

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé. Ọ̀rọ̀ ọmọkùnrin kan ló mú mi jókòó kọ lẹ́tà yìí. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mi ò sùn re. Ọmọ ọ̀rẹ́ mi ni, ọmọ ọdún 16. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún ni máàkì Látìn rẹ̀ ti ń dán gbinrin. Àfi ọjọ́ tí olùkọ́ pè é síwájú, tó kọ ọ̀rọ̀ mẹ́ta sójú pátákó: Canem homo mordet. Ọmọ náà wò ó, ó ní, "Ajá ń bu ènìyàn jẹ."

Ènìyàn ló ń bu ajá jẹ níbẹ̀ o! Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Àṣé fóònù ló ti ń bá a ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá láti ọjọ́ yìí wá. Mo sì mọ̀ pé òun nìkan kọ́. Ẹ mọ ìtumọ̀, ẹ ò mọ ọ̀rọ̀.

Nínú èdè tiwa, ibi tí ọ̀rọ̀ bá jókòó sí ló ń sọ iṣẹ́ rẹ̀. "Adé lu Òjò," "Òjò lu Adé": kò sẹ́ni tí kò mọ ẹni tó jìyà. Látìn ò rí bẹ́ẹ̀. Ìrù ọ̀rọ̀ ni gbogbo rẹ̀ wà. Canis ni ajá tó ń buni jẹ, canem ni ajá tí wọ́n bù jẹ. Ẹ gbé e síwájú, ẹ gbé e sẹ́yìn, ọ̀kan náà ni.

Ó ti ṣe èmi náà rí ni mo fi ń pariwo. Nígbà tí mo wà nílé ìwé girama, kò sí fóònù, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ìwé Caesar, ọ̀gágun Róòmù àtijọ́, wà tí a ń yá ara wa lábẹ́ tábìlì. Ìwé tó kọ lórí ogun Gaul, ilẹ̀ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ Faransé òní, ni a ń kà. Mo há ìtumọ̀ náà sórí bí ẹni há oríkì. Ọjọ́ ìdánwò pé, mo rí ọ̀rọ̀ méjì tí mo dá mọ̀ ní ìlà àkọ́kọ́, inú mi dùn, mo da gègé bolẹ̀. Ìlà mẹ́sàn-án ni wọ́n fún wa. Èmi túmọ̀ rẹ̀ dé ìlà kẹtàlá! Mi ò mọ ibi tí wọ́n dúró sí. Olùkọ́ wa kò nà mí. Ó kàn fi bírò pupa fa ìlà sábẹ́ ibi tí ìbéèrè parí sí, ó kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ pé, "Níbo lo ti rí èyí?" Mo ti darúgbó, ojú ìlà pupa yẹn ṣì ń tì mí.

Ọ̀rọ̀-ìṣe ni kí ẹ kọ́kọ́ máa wá. Caesar fẹ́ràn láti tì í sí ìparí gbólóhùn.

Ẹ má sì sọ fún mi pé "Bàbá, èdè tó ti kú ni." Mo ti gbọ́ ọ, ó ti sú mi! Bí ẹ ò bá fẹ́ ẹ, ẹ fi í sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ kọ́ nǹkan mìíràn, kò sẹ́ni tó máa bú yín. Ṣùgbọ́n kí ènìyàn jókòó ọdún mẹ́ta nínú kíláàsì, kó má lè tú ọ̀rọ̀ mẹ́ta, kí la ó pe ìyẹn?

Adùn èdè àtijọ́, Látìn àti Gíríìkì, tí ẹ ń pàdánù ló ń dùn mí jù. Ọkùnrin Gíríìkì kan wà ní Ephesus ní nǹkan bí 2,500 ọdún sẹ́yìn, Heraclitus. Ó ní orúkọ ọrun ni ìyè, iṣẹ́ rẹ̀ sì ni ikú. Ohùn ló fi ń ṣeré: bios, bí ohùn bá gòkè níwájú, ìyè ni, bó bá gòkè lẹ́yìn, ọrun tí a fi ń ta ọfà ni. Àwa tí ọrun wa àti ọ̀run wa kò ju ohùn kan lọ síra wọn, ta ló yẹ kó tètè gbọ́ ẹ̀fẹ̀ yẹn tó wa? Fóònù á túmọ̀ rẹ̀ kẹ́ ẹ tó ṣẹ́jú. Kò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́rìn-ín.

Álífábẹ́ẹ̀tì Gíríìkì ò ju 24 lọ. Mẹ́ta lójúmọ́, ọjọ́ mẹ́jọ. Ẹ ṣọ́ra fún P wọn, R ni. Ní ti Látìn, mensa, mensam, mensae, tábìlì kan náà pẹ̀lú ìrù mẹ́ta: ẹnu ni kẹ́ ẹ fi kà á, kó dún jáde, ojú nìkan kì í gbà á dúró. Ìtumọ̀ tí ẹlòmíràn ṣe kò burú, bí ẹ bá ti kọ tiyín tán kẹ́ ẹ tó ṣí i. Tán, mo ní.

Ní ti ọmọ ọ̀rẹ́ mi, mo ti ránṣẹ́ sí i. Kó mú Caesar rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sátidé, kó fi fóònù sílé. Bírò pupa wà lọ́wọ́ mi.