Aró ni, kì í ṣe dúdú

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹnìkan kọ̀wé sí yín láìpẹ́ yìí lórí ìjà ààlà ilẹ̀, ó ní òun fi ojú òun rí òpó ààlà náà, ó sì fi kádìí ọ̀rọ̀ rẹ̀ pé ẹni tó bá ti fi ojú ara rẹ̀ rí nǹkan, àríyànjiyàn tán. Ká ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni mo ka irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ni, ǹ bá pàtẹ́wọ́ fún un. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yẹn gan-an ti kó mi sí gbèsè rí, ọmọ ọlọ́mọ ló sì bá mi san án.

Aránṣọ ni mí ní Kétu níbí, ní ilẹ̀ Benin. Ó lé lógójì ọdún tí mo ti ń jókòó sídìí ẹ̀rọ ní ṣọ́ọ̀bù mi tí kò jìnnà sí Àkàbà Ìdẹ́nà, ẹnubodè àtijọ́ ìlú wa. Kakí ọmọ iléèwé, bùbá àti ṣòkòtò, kóòtù ọkọ ìyàwó, kò sí èyí tí n kò rán. Mo máa ń rán aṣọ fún àwọn tó ń gbé Gẹ̀lẹ̀dẹ́ náà. Màá padà sórí ìyẹn.

Bàbá kan ló gbé aṣọ méjì wá fún mi nígbà ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀kan dúdú, èyí ni ti ọkọ ìyàwó. Èkejì jẹ́ aró tó kún dáadáa, èyí tí àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń pè ní bleu nuit, ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nìyẹn. Bákan náà ni àwọn aṣọ méjèèjì rí lọ́wọ́: wọ́n nípọn bákan náà, wọ́n tún ń dán bákan náà. Alẹ́ ni mo gé wọn, lábẹ́ iná. Ọmọ iṣẹ́ mi tó di ìdí aṣọ mú fún mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, aró lẹ mú yẹn o, kì í ṣe dúdú." Mo ní kó dákẹ́. Mo ní ìyá rẹ̀ kò tíì mọ ọkọ tí mo ti ń gé aṣọ.

Ọkọ ìyàwó gbé kóòtù dúdú lé ṣòkòtò aró, ó sì jáde sínú oòrùn níwájú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin náà ẹ fojú inú wò ó.

Nígbà tí wọ́n kó aṣọ náà padà wá bá mi lọ́jọ́ Ajé, mo gbé e síwájú ojú, mo wò ó títí. Ọ̀kan náà ni lójú mi. Mo kọ́kọ́ sọ pé wọ́n fẹ́ rẹ́ mi jẹ ni. Nígbà tí gbogbo ẹni tó ń kọjá níta ń dá wọn láre, mo yíjú sí ọmọ iṣẹ́ mi, mo ní òun ló pààrọ̀ aṣọ nígbà tí mo lọ jẹun. Ẹ wo òmùgọ̀ ọ̀rọ̀: mo ní aṣọ méjèèjì kò yàtọ̀, mo tún ní ó pààrọ̀ wọn! Owó èsúsú rẹ̀ ni mo fi ra aṣọ mìíràn fún wọn, 22,000 fáráǹkì. Mo sì sún ọjọ́ tí a ó dá a sílẹ̀ nínú ẹ̀kọ́ṣẹ́, libération tí gbogbo wa mọ̀, síwájú ní odindi ọdún kan. Ìyá rẹ̀ wá kúnlẹ̀ bẹ̀ mí. Ohun tí mo sọ fún un ni pé, "Ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí i."

Ọdún kẹta lẹ́yìn èyí ni ọmọ ọmọ mi tó ń kàwé ní Kalavi kíyè sí i pé mo máa ń fi ahọ́n wá ihò abẹ́rẹ́. Ó mú mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà ṣàlàyé fún mi pé nǹkan kékeré kan wà nínú ojú tó mọ́ gaara bíi jígí, òun ni ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá. Bí a ti ń dàgbà, ó lè máa ṣú. Tèmi ti pọ́n, ó ti fẹ́ rí bí omi tíì tó pẹ́ lórí iná. Cataracte ni wọ́n ń pè é. Ó ní irú ti tèmi kì í jẹ́ kí aró kọjá dáadáa, nítorí náà aró a máa ṣú lójú ẹni títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ di dúdú. Mo bi í pé kí ló dé tí n kò mọ̀. Ó ní díẹ̀díẹ̀ ló ń wá, ó sì ń mọ́ ọpọlọ lára.

Ojú òsì ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe. Wọ́n yọ èyí tó pọ́n, wọ́n fi kékeré kan tí wọ́n fi ike ṣe dípò rẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú báńdéèjì ní ọjọ́ kejì, mo rí ìgò omi lórí tábìlì, ìdérí rẹ̀ jẹ́ aró. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún nítorí ìdérí ìgò!

Oṣù mẹ́rin kọjá kí wọ́n tó ṣe ọ̀tún. Nínú oṣù mẹ́rin yẹn, ayé méjì ni mo ń gbé. Mo padà sí ṣọ́ọ̀bù, mo tú àpò tí mo ń kó àjákù aṣọ sí (aránṣọ kì í da nǹkan nù), títí mo fi rí àjákù méjèèjì ti ọjọ́ yẹn. Mo pa ojú ọ̀tún dé: aró àti dúdú. Mo pa òsì dé: dúdú àti dúdú. Mo ń ṣe bẹ́ẹ̀ títí aládùúgbò mi fi bi mí bóyá kòkòrò kó sí mi lójú.

Ọmọ ọmọ mi ní kí n má banújẹ́, pé ó ṣe Claude Monet, ayàwòrán Faransé, bẹ́ẹ̀. Ó ní ó débi pé orúkọ tí wọ́n kọ sára ọ̀dà ni bàbá náà ń wò kó tó mọ èyí tó mú, kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ojú ọ̀tún rẹ̀ ní 1923. Ó dáa. Monet ń ka orúkọ ara ọ̀dà. Èmi ń gba owó èsúsú ọmọ.

Ẹ lè sọ pé ojú tèmi ń ṣàìsàn, ti yín le. Ẹ mú bọ́tìnnì méjì, ẹ tò wọ́n sórí aṣọ onílà, kí àlàfo àárín wọn tó ìbú ìka mẹ́rin. Ẹ pa ojú òsì dé, ẹ fi ojú ọ̀tún tẹjú mọ́ bọ́tìnnì tó wà lápá òsì, kí ẹ má wo èkejì. Ẹ wá máa sún orí mọ́ aṣọ náà díẹ̀díẹ̀. Níbì kan, bọ́tìnnì apá ọ̀tún á pòórá. Ibi tí iṣan ojú ti ń jáde lọ sí ọpọlọ kò ríran rárá. Edme Mariotte, Faransé mìíràn, ti tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1668. Ṣùgbọ́n kì í ṣe pípòórá ló yà mí lẹ́nu. Ẹ ò ní rí ihò níbẹ̀. Ilà aṣọ ni ẹ ó rí tó ń lọ geere, bí ẹni pé bọ́tìnnì kò sí níbẹ̀ rí. Mo ti ń lẹ aṣọ láti kékeré, n kò tíì rí ẹni tó mọ àbùlẹ̀ í lẹ̀ bíi ọpọlọ.

Àwọn èèyàn mi á ní Kétu ni wọ́n ti ń sọ pé ojú tó bá ti rí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ti dópin ìran. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ń rán aṣọ rẹ̀ mọ̀ pé orí ni wọ́n ń gbé ère igi rẹ̀ lé. Ojú tí wọ́n gbẹ́ sára rẹ̀, tí gbogbo agbo ń wò, kò rí nǹkan kan. Inú aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó bo iwájú ni ẹni tó ń jó ti ń wò wá. Bí mo bá fẹ́ yan aṣọ yẹn, mo máa ń fi bo orí ara mi, màá sì jáde sí oòrùn: ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí n rí ọ̀nà, kó má jẹ́ kí wọ́n rí mi.

Nítorí náà, mo fẹ́ bi ẹni tó kọ̀wé lórí ààlà ilẹ̀: aago mélòó ni ó rí òpó náà? Apá ibo ni oòrùn wà? Ta ló ti sọ fún un, kó tó débẹ̀, pé ibẹ̀ ni yóò ti rí i?

Ọmọ iṣẹ́ mi ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀ ní Pọ̀bẹ́ báyìí. Mo lọ bá a lóṣù tó kọjá, mo kó 22,000 fáráǹkì rẹ̀ àti àjákù méjèèjì dání. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi wá. Mo rojọ́ ẹnu ara mi tán. Ó ka owó náà lẹ́ẹ̀mejì, ó fi sínú dúrọ́wà, kò sọ pé kò tọ́ tàbí pé ó tọ́. Ó wá fa aṣọ kan yọ lábẹ́ ẹ̀rọ, ó nà án sí mi.

"Ọ̀gá, àwọ̀ wo nìyí?"

Mo gbé e jáde sẹ́nu ọ̀nà ná.

Èmi ni tiyín,
Aránṣọ kan ní Kétu