Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí ìgbà ìròyìn

Àbẹ̀kẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé dáadáa lo wà? Ara Màmá ńkọ́, ṣé ẹsẹ̀ ti fúyẹ́? Ohùn tó o fi ránṣẹ́ lálẹ́ àná ni kò jẹ́ kí n lè dúró di òpin ọ̀sẹ̀. O ní Màdáámù fẹ́ yọ wákàtí eré kúrò ní jẹ́lé-ó-sinmi yín torí àwọn òbí ń béèrè ìdí tí ìwé ọmọ wọn fi ṣófo. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Mo mọ̀ pé Màdáámù fẹ́ràn àwọn ọmọ yẹn, ṣùgbọ́n inú ohun tí wọ́n fẹ́ yọ yẹn gan-an ni ẹ̀kọ́ wà.

Bá mi sọ ti ìlú Ypsilanti fún wọn, ní Michigan níbí, ní Amẹ́ríkà. Ní 1962, onímọ̀ ẹ̀kọ́ kan, David Weikart, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣí kíláàsì fún ọmọ ọdún mẹ́ta sí mẹ́rin, ọmọ aláwọ̀ dúdú tí òbí wọn ò lówó lọ́wọ́. Ọmọ 123 ló wà nínú ìwádìí náà. 58 wọ kíláàsì, 65 ò wọ̀ ọ́. Wákàtí méjì àtààbọ̀ ni láàárọ̀, olùkọ́ á sì tún lọ bá ìyá àtọmọ nílé lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀. Wọ́n tọpa wọn títí wọ́n fi pé ẹni ogójì ọdún. Àwọn tó wọ kíláàsì ló parí girama jù, owó tó ń wọlé fún wọn ló pọ̀ jù, ọlọ́pàá ò sì mú wọn tó àwọn yòókù. Inú iṣẹ́ yẹn ni HighScope, ọ̀nà ìkọ́ni jẹ́lé-ó-sinmi tí mo máa ń sọ fún ọ, ti jáde.

Ìpìlẹ̀ rẹ̀ ò ju mẹ́ta lọ: ọmọ á sọ ohun tó fẹ́ ṣe, ètò nìyẹn; á lọ ṣe é, iṣẹ́ nìyẹn; á padà wá ròyìn ohun tó ṣe. Iṣẹ́ yẹn máa ń gba ìṣẹ́jú 45 sí 60. Bí ẹ bá gé e sí ogún, ọmọ á ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àwọn agolo jáde ni, wọ́n á ní kó dà á padà. Tètò àti tìròyìn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá mẹ́wàá tó. Ìròyìn yìí làwọn olùkọ́ máa ń kọ́kọ́ fò tí aago bá ti ń sáré, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ni ọmọ ti ń ronú padà sẹ́yìn, tó ń to ọ̀rọ̀ pọ̀.

Nígbà ètò, má bi ọmọ pé "Níbo lo fẹ́ lọ?" "Ibi iyanrìn" nìkan ló máa fèsì. Bi í pé "Kí lo fẹ́ ṣe?" kó o sì dákẹ́, kó o ka ení títí dé àrún nínú ara rẹ. Ọmọ tí ò tíì lè sọ ọ́, jẹ́ kó fọwọ́ tọ́ka tàbí kó gbé nǹkan náà wá. Ọmọ mẹ́jọ sí mẹ́wàá ni kó wà lọ́dọ̀ olùkọ́ kan. Tí wọ́n bá ti pọ̀ jù bẹ́ẹ̀, àwọn tó ń dúró á bẹ̀rẹ̀ ìjàkadì.

Ẹ ò nílò nǹkan ìṣeré olówó ńlá. Agolo mílíìkì tẹ́ ẹ ti fi òòlù tẹ etí rẹ̀ wọlé, páálí, àjákù ànkárá, ìdérí ìgò oníke, omi nínú báfù. Ohun tó bá ti lè wọ inú ihò páálí tíṣù ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ẹ má gbé e fún ọmọ tí ò tíì pé ọdún mẹ́ta, ó lè há a lọ́fun. Ẹ fi máká ya àwòrán ohun kọ̀ọ̀kan sórí pákó ibi tó ń gbé, kí ọmọ lè dá a padà fúnra rẹ̀. Tó bá ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí iṣẹ́ parí, ẹ kìlọ̀ fún wọn, ẹkún á dín kù.

Tọ́mọ bá wá ròyìn pé òun ro àmàlà, bi í pé "Báwo lo ṣe mọ̀ pé ó ti jinná?" "O káre" dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n ó máa ń parí ọ̀rọ̀. Sọ ohun tó o rí: "Mo rí i pé o to agolo mẹ́fà léra, kò sì wó." Wàá rí i tí yóò máa ṣàlàyé ìdí. Yorùbá ni kó fi ròyìn o! Èdè tó ń lálàá ló lè fi ronú. Ohun tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àtàwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970 nìyẹn, tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fún ọdún mẹ́fà gbáko.

Ní ti ìwé tó ṣófo, ẹ máa kọ ohun tí ọmọ bá ròyìn sínú rẹ̀ lójú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ gan-an, kẹ́ ẹ fi déètì sí i, kóun náà yàwòrán sábẹ́ rẹ̀. Gbólóhùn kan tó. Bí òbí bá ka "Mo kọ́ afárá, ó wó, mo fi páálí gbé e dúró," kò ní béèrè ABC mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Sọ fún Màdáámù pé kí wọ́n fún ọ ní sáà kan ṣoṣo péré, kí wọ́n tó yọ ohunkóhun. Ọkàn mi ò balẹ̀ lórí ẹ̀, má jẹ́ kó di ìjà láàárín yín.

Ẹ̀gbọ́n ti bí ìbejì, yìnyín ti bẹ̀rẹ̀, owó ilé ti tún gun òkè.

Ohun kan kù tí mo fẹ́ bẹ̀ ọ́. Ìgbà tí gbogbo ọmọ kíláàsì mi níhìn-ín bá péjọ, ìṣẹ́jú mẹ́wàá sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, eré tó ní orin àti ìgbésẹ̀ ni mo nílò, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ wa tó wà níhìn-ín gbọ́ Yorùbá nínú ẹ̀. Bá mi gba ohùn Màmá sílẹ̀: àwọn orin inú àlọ́ ìjàpá, àti ti bojúbojú. Kí wọ́n kọ́kọ́ kọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n tó kọ ọ́ bó ṣe ń lọ gan-an, kó o sì máa gbe ègbè rẹ̀ kí n lè mọ ibi tí àwọn ọmọ yóò ti gbà á. WhatsApp ni kó o fi ránṣẹ́, orin kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Bá mi kí Màmá dáadáa.

Èmi ni tìrẹ,
Àjọkẹ́