Ẹ̀sùn lórí áàpù tí ẹ ṣe fún wa: ọjà ń jáde láìsanwó

Utako, Abuja.

Sí Ọ̀gá Àgbà Ilé-iṣẹ́,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Bátìrì sólà ni à ń tà ní Utako níbí, ọ̀pọ̀ oníbàárà wa sì wà ní Kaduna, Minna àti Lokoja. Áàpù tí ẹ ṣe fún wa, èyí tó ń tọpa ọjà láti ìgbà tí oníbàárà bá ti béèrè fún un títí yóò fi tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́, ni mo ní ẹ̀sùn lé lórí.

Ohun tí a jọ fẹnu kò lé lórí kò le. Ipò márùn-ún ni ọjà lè wà: "tuntun", "ó ti sanwó", "a ti dì í", "ó ti lọ", "ó ti dé". Kò gbọdọ̀ fo ìkankan. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ ní library Python (àkójọ kóòdù tí wọ́n ti kọ sílẹ̀ fún èdè kọ̀ǹpútà Python) tó ń jẹ́ transitions lẹ máa lò, pé bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ kí ọjà fò láti "tuntun" bọ́ sí "ó ti lọ", yóò kọ̀, yóò sì gbé MachineError, ìyẹn ìkìlọ̀ àṣìṣe, jáde. Òótọ́ ni. Mo fojú ara mi rí i bó ṣe kọ̀, inú mi sì dùn.

Àmọ́ ojú ìwé àwọn òṣìṣẹ́ tí ẹ ṣe kún un kì í gba ọ̀dọ̀ library yẹn kọjá rárá. Ẹni tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kàn máa yan ipò tó wù ú ni, ohun tó yàn yóò sì wọ inú database, ibi tí áàpù ń kó àkọsílẹ̀ pa mọ́ sí, tààrà. Ẹ ti ilẹ̀kùn, ẹ wá ṣí fèrèsé sílẹ̀. Bí bátìrì oníbàárà kan ṣe gbéra lọ sí Kaduna nìyẹn, tí kọ́bọ̀ kò wọlé sí báǹkì wa. Mi ò ní gbà kí ẹnikẹ́ni di ẹ̀bi ru ọmọ tó tẹ̀ ẹ́, torí pé kí irú èyí má baà ṣeé ṣe gan-an la ṣe sanwó fún yín.

Òmíràn tún wà. Bí server, ìyẹn kọ̀ǹpútà tí áàpù ń ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀, bá kú tó sì tún jí, ọjà tí a ti dì tán á tún padà di "tuntun". Library yìí kì í rántí nǹkan kan fúnra rẹ̀: láti ipò àkọ́kọ́ ló ti máa ń bẹ̀rẹ̀, àfi bí ẹni tó kọ áàpù bá ka ipò gidi fún un láti inú database. Ẹ kò ṣe é. Ìdí nìyẹn tí oníbàárà wa kan ní Minna, ẹni tó ti sanwó pé, fi gba àtẹ̀jíṣẹ́ pé kó wá sanwó. Ó pè mí tìbínú-tìbínú. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ẹ yọ àyè yíyan ipò yẹn kúrò, kí gbogbo àyípadà máa gba ọ̀dọ̀ library. Kí ọjà má kúrò ní "tuntun" títí báǹkì yóò fi jẹ́rìí sí owó. Kí àkọsílẹ̀ sì wà nípa ẹni tó yí ipò padà àti àsìkò tó yí i. Owó bátìrì tó lọ sí Kaduna, ẹ̀yin lẹ máa san án.

Mi ò ní san owó ìtọ́jú áàpù mọ́ títí ẹ ó fi ṣe gbogbo èyí. Mò ń retí èsì yín láàárín ọ̀sẹ̀ yìí.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Olùdarí ilé-ìtajà bátìrì, Utako