Ẹ Da Iyanrìn Sábẹ́ Jangirọ́fà

Olóòtú ọ̀wọ́n,

Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 5, já bọ́ lórí jangirọ́fà nílé ìwé, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì kán. Kọnkéré ló wà nílẹ̀ níbẹ̀. Egungun ọmọdé máa ń tètè jinná, ìyẹn ò kó mi láyà sókè. Ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ló ń dùn mí: tó bá ti rí jangirọ́fà báyìí, á di aṣọ mi mú pinpin.

Ẹ̀yin alákòóso ilé ìwé, ẹ jọ̀wọ́, ẹ da iyanrìn tó jinlẹ̀ síbẹ̀. Bí ọmọ bá ṣubú, ẹ má fa ọwọ́ tó wú, ẹ má fọwọ́ ra á. Tó bá forí gbá, tó wá ń bì, ẹ má dúró dè wá, ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn.

Ìyá ọmọ kan